Ohun tí Ìbíyẹmí Gbọ́

Owó Ùdójì ni bàbá mi fi rà á,
Họ́ńdà aláwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ,
ó ń gbé tísà láti Ìyàrá lọ sí Kàbà
títí irun tísà fi funfun.
Nígbà tó di tèmi, mo tún un dá.
Mo gé sàlẹ́ńsà rẹ̀ kúrú, mo tẹ ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀,
mo yọ kábúrétọ̀ lára Bàjáàjì kan tó kú sí gárééjì,
mo ra ìdérí táńkì tuntun, oníkọ́kọ́rọ́,
tó ń dán bí ẹyinjú ọmọ ọwọ́,
nítorí àwọn tó ń fi rọ́bà fa epo ẹlẹ́po lóru.

Láàárọ̀, tí ìrì ṣì wà lórí koríko,
ìtapá kan péré, ó ti dáhùn,
ohùn rẹ̀ á ki bí ti àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀kọ gbígbóná.
Ṣùgbọ́n tí a bá ti rìn bíi máìlì méje,
tí ọ̀nà ń gun òkè láàárín àwọn igi káṣú,
á wúkọ́.
Á tún wúkọ́.
Màá fún un ní iná, kò ní gbà,
á wá dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíì pè.

Ọbájẹ́mú mẹkáníìkì ní púlọ́ọ̀gì ni.
Èyí tó yọ funfun bí efun lẹ́nu.
Ó yí i lọ́wọ́, ó mi orí: "Ebi epo ń pa á."
A tú kábúrétọ̀ sórí páálí,
a fi ẹnu fẹ́ ihò jẹ́ẹ̀tì títí èémí wa fi ń rùn epo,
a rí iyanrìn, ẹyọ kan,
inú wa dùn bí ẹni he wúrà.
Kì í ṣe òun.
Ó ní kọ́ìlì ló ń gbóná jù; mo ra kọ́ìlì.
Ìyàwó mi ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.
Mo ka owó tí mo ti ná dé ìdajì, mo dẹ́kun kíkà.

Ibi tó máa ń kú sí kò jìnnà
sí ibi tí Ìbíyẹmí ti ń ta epo inú ìgò
lábẹ́ agboòrùn tó ya.
"Ọ̀kun o," lèmi á wí.
"Ọ̀kun," lòun á dáhùn, á na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́.
Ìgò kan, ọkọ̀ á jí.
Mo ti gbà pé epo tirẹ̀ ló mọ́,
pé omi ni wọ́n ń bù sí ti ilé epo.

Lọ́jọ́ kẹfà, kò rọ epo.
Ó ṣí ìdérí díẹ̀, ó dúró, ó dẹ etí.
"Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń fà á? Fíìììn.
Bí ìgbà tí ọmọ bá yọ orí nínú odò.
Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.
Epo yín dé ìdajì, ẹ wo inú rẹ̀.
Kò fẹ́ epo, sà. Kò ráyè mí ni."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ láti ọjọ́ yìí.
Ó wo àwọn ìgò rẹ̀, ó wo ilẹ̀.
"Ẹ ò bi mí. Mẹkáníìkì lẹ̀ ń bi.
Àti pé, mò ń wá owó ìdánwò.
Mo san án tán lánàá."

Mo fi ẹsẹ̀ ta á, ó jí láìsí ẹ̀kán epo kan.
Mo gun òkè náà, ìdérí ń jó lórí táńkì,
epo ń ta sí mi nítan.

Nílé, nínú agolo ìṣó bàbá mi,
mo rí ìdérí àtijọ́.
Ihò kan wà lórí rẹ̀, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ;
ìdógùn-ún ni mo pè é lọ́jọ́ tí mo jù ú síbẹ̀.
Mo nù ún lára ṣòkòtò, mo fi ètè kàn án, mo fẹ́.
Afẹ́fẹ́ kọjá.

Ó ṣì ń kán ọ́ìlì lápá òsì.
Ìyẹn dọ̀la.
Lọ́la, màá kọ́kọ́ bi Ìbíyẹmí.